Ọ̀run Ń Ya Bọ̀, Ọ̀rọ̀ Ta Ni?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé, "Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan." Bí ọjà bá wọ́n, a ó pa á lówe. Bí iná ìjọba bá lọ tí kò padà dé, a ó tún pa á. Òwe ìtùnú ni, ó sì dára láyè tirẹ̀, nítorí ó ń rán ẹni tí ìṣòro dé bá létí pé òun nìkan kọ́ ló dé bá. Ṣùgbọ́n òwe yìí kan náà lè di ibi ìsápamọ́ fún ọ̀lẹ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti jẹ́ ti gbogbo ayé, kálukú a máa fọwọ́ lẹ́rán, a máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò ṣe é.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lójú ayé àwọn tó pọ̀ nínú wa, pé ọ̀run fẹ́ ya ní tòótọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ẹ̀rọ wọn ojú ọ̀run, wọ́n sì rí i pé ihò ti ń dá sí ara aṣọ tí Ẹlẹ́dàá fi bo ayé. Ìpele ósóònù ni mo ń sọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè ayé para pọ̀ láti rán aṣọ náà, rírán rẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́ títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni pé apá tó kù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àwọn tó ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn òkè òkun nìkan mọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa níhìn-ín: lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé fíríìjì lọ bá wọn, àti lọ́wọ́ ìjọba tó yẹ kó fún wọn ní irinṣẹ́.

Kí ni ósóònù? Gbogbo wa la mọ ọ́ksíjìn, afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Méjì méjì ni átọ̀mù rẹ̀ máa ń so pọ̀. Bí ìtànṣán oòrùn tó lágbára bá tú méjì náà ká lókè réré, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè lọ lẹ̀ mọ́ méjì mìíràn, kí wọ́n wá di mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta tó so pọ̀ yìí ni à ń pè ní ósóònù. Ibi tó pọ̀ sí jù ni nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35 sókè orí wa, ó ga ju ibi tí bàálù akérò ń fò dé lọ. Síbẹ̀, kò nípọn rárá. Bí a bá lè kó gbogbo ósóònù tó wà lókè ìlú kan jọ, kí a wá kì í pọ̀ bí afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ṣe kì, sísanra rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, òun náà ni ohun ẹlẹ́mìí orí ilẹ̀ sì ń gbé lábẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ń rán oríṣiríṣi ìtànṣán sí wa. Èyí tí ojú ń rí ni ìmọ́lẹ̀, èyí tí ara ń gbọ́ ni ooru. Ẹ̀kẹta wà tí ojú kò rí, tí ara kì í sì í tètè mọ̀: òun ni wọ́n ń pè ní ultraviolet, tí a lè gé kúrú sí UV. Ósóònù kì í jẹ́ kí èyí tó burú jù nínú ìtànṣán yìí dé ilẹ̀ rárá. Èyí tó tẹ̀ lé e ní agbára, ó ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, díẹ̀ ló ń yọ́ kọjá. Bí aṣọ náà bá wá fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó ń yọ́ kọjá yóò pọ̀ sí i. Ohun tí yóò sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò kéré. Jẹjẹrẹ awọ ara yóò pọ̀. Kataráàtì, àìsàn tí ń bo ẹyin ojú bí ìkùukùu títí ojú yóò fi fọ́, yóò máa tètè mú èèyàn. Agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn lè dín kù. Àwọn irúgbìn kan kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn ewéko tíntìntín tó ń léfòó lójú òkun, tí ẹja kéékèèké ń jẹ kí ẹja ńlá tó jẹ àwọn náà, yóò fara gbá a. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kò kan ìkòkò ọbẹ̀, kí ó tún un rò.

Ta ló wá ya aṣọ yìí? Kì í ṣe ọ̀tá, kì í sì í ṣe ológun. Ẹni tó ń wá ọ̀nà láti gba ẹ̀mí là ni. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, gáàsì olóró ni wọ́n ń lò nínú fíríìjì. Bí ó bá jò lóru, ó lè pa àwọn ará ilé mọ́ ojú oorun. Ní ọdún 1928, Thomas Midgley, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tó ń bá ilé-iṣẹ́ General Motors ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé gáàsì mìíràn jáde tí kì í gbiná, tí kì í sì í ṣe májèlé bíi ti àtijọ́. Ní ọdún 1930, Midgley mí gáàsì náà símú níwájú àwọn onímọ̀ kẹ́míìsì, ó sì fẹ́ ẹ jáde láti fi pa iná àbẹ́là. Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé gáàsì tí a mọ̀ sí CFC ṣe wọ ayé. Fíríìjì ń lò ó, ẹ̀rọ amúlétutù ń lò ó, agolo afínńdà onírúurú ń lò ó, àwọn tó ń ṣe fóòmù náà ń lò ó.

Ìwà tí a fi yìn ín náà ló wá di àléébù rẹ̀. Gáàsì tí kì í gbiná, tí kì í bàjẹ́, tí òjò kì í fọ̀ kúrò, ibo ni yóò lọ? Òkè ni yóò máa lọ ní díẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi dé àárín ósóònù. Níbẹ̀ ni ìtànṣán UV yóò ti fọ́ ọ, klórínì inú rẹ̀ yóò sì tú jáde. Ẹyọ átọ̀mù klórínì kan ṣoṣo lè ba nǹkan bí 100,000 ẹyọ ósóònù jẹ́ kí nǹkan mìíràn tó so ó mọ́lẹ̀. Oríṣi CFC tí wọ́n ń lò jù nínú fíríìjì láyé àtijọ́ sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí ni pé gáàsì tó jò nínú fíríìjì bàbá ẹni lè máa ṣiṣẹ́ ibi lọ lórí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1974 ni Mario Molina, ọmọ bíbí ilẹ̀ Mẹ́síkò, àti Sherwood Rowland, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature pé gáàsì yìí yóò ba ósóònù jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi í pawó takò wọ́n. Ní ọdún 1985, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, tí wọ́n ń yẹ àkọsílẹ̀ ojú ọ̀run wò láti ibùdó Halley Bay ní Antarctica, kéde pé ósóònù tó wà lókè ibẹ̀ ń dín kù gan-an ní oṣù kẹwàá ọdọọdún. Ohun tí Molina àti Rowland sọ di òtítọ́, ó tilẹ̀ burú ju bí wọ́n ṣe rò ó lọ. Ní ọdún 1995, wọ́n fún àwọn méjèèjì àti Paul Crutzen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míìsì.

Ẹ̀yin olùkà wa, ẹ kíyè sí bí ayé ṣe tètè dìde. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ọdún méjì péré lẹ́yìn ìkéde ti Halley Bay, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Montreal, ní Kánádà, pé àwọn yóò dín àwọn gáàsì wọ̀nyí kù, kí wọ́n tó wá fi òpin sí wọn pátápátá nígbà tó yá. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1988. Nígbà tó fi máa di ọdún 2009, kò sí orílẹ̀-èdè kankan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí kò tíì fọwọ́ sí i, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn àdéhùn àjọ náà. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó gbà láti máa dá owó jọ, kí àwọn tí kò ní lọ́wọ́ lè rí owó pààrọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀. Lónìí, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà tó ń ba ósóònù jẹ́ ni wọ́n ti fòpin sí. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé, bí a kò bá yẹsẹ̀, ósóònù yóò padà sí bó ṣe wà ní ọdún 1980 ní nǹkan bí ọdún 2040 ní ibi tó pọ̀ jù lágbàáyé, ní 2045 ní ìhà àríwá tó jìnnà jù, àti ní nǹkan bí 2066 lókè Antarctica.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun kan dáadáa níbí, nítorí àdàlù ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ihò kankan nínú ósóònù lókè Èkó tàbí Ìbàdàn. Lókè Antarctica, níbi tí òtútù ti pọ̀ débi pé ìkùukùu yìnyín ń dá sókè réré, ni ihò ńlá náà ti ń ṣí. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ósóònù fi dín. Ooru tó ń mú wa lóde òní kò sì ti ibi ihò náà wá. Èéfín epo, èédú àti igbó jíjó ló ń dà bí kúbùsù borí ayé, tó ń mú kí ooru há mọ́ ọn. Ẹjọ́ méjì ni wọ́n. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé àwọn gáàsì inú fíríìjì yìí ń dá sí ẹjọ́ méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń ba ósóònù jẹ́ ni wọ́n tún ń nípọn kúbùsù náà. Kìlógíráàmù kan ṣoṣo nínú gáàsì tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí R-22, tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù wa, ń ṣe ju 1,700 kìlógíráàmù kábọ́n dayọ́ksáìdì lọ nínú mímú ayé gbóná.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé, bí kò bá sí ihò lókè wa, kí ló kàn wá? Ìdáhùn mi pín sí ọ̀nà méjì.

Èkíní ni pé ìbí wa gan-an ni oòrùn ti ń dúró sí àtàrí. Bí Ọlọ́run ṣe dá ayé, ósóònù tó wà lókè ìlà ìdajì ayé fẹ́lẹ́ ju ti ìhà àríwá àti gúúsù lọ. Ìtànṣán UV tó ń dé bá wa tẹ́lẹ̀ kò kéré. Ẹlẹ́dàá fi awọ dúdú ṣe ààbò fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n awọ dúdú kì í dáàbò bo ojú. Kataráàtì ló ṣáájú nínú àwọn ohun tó ń fọ́ àwọn ará Nàìjíríà lójú. Lóòótọ́, ọjọ́ ogbó ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, síbẹ̀ ìtànṣán oòrùn wà lára ohun tó ń mú un yá. Ìyá tó fi ogójì ọdún ta ọjà nínú oòrùn, àgbẹ̀ tí kì í kúrò lóko kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ni kì í ní agboòrùn.

Àwọn kan sì wà láàárín wa tí wọn kò ní ààbò awọ yẹn rárá. Àfín ni mo ń sọ. Yorùbá ka àfín sí ẹni Òrìṣà, ọwọ́ Ọbàtálá ni a ní wọ́n ti wá, a sì ní a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ẹnu kì í bo awọ. Jẹjẹrẹ awọ ara ló ń pa púpọ̀ nínú wọn láìtọ́jọ́, ní ọjọ́ orí tí ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéyàwó, tí wọ́n ń tọ́mọ. Egbò kékeré ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ létí, létè tàbí lẹ́yìn ọrùn, wọn á ní oòrùn ló jó o, títí tí yóò fi bọ́ sórí. Bí ayé kò bá dìde ní 1987, tí ósóònù wá ń dín kù títí tó fi kan ilẹ̀ olóoru, àwọn ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè tí wọn kò jẹ. Ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ósóònù, kí a má kàn máa rántí àwọn òyìnbó tó ń yá oòrùn létí òkun. Kí a rántí ọmọ àfín tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé nínú kíláàsì tí kò ní ojú-òrùlé tó péye.

Ìdáhùn kejì ni pé gáàsì náà wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ rìn gba àwọn àdúgbò Òṣogbo, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kan ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún fíríìjì ṣe. Àwọn fírísà àlòkù yóò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níta, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ti jóná yóò wà nílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan yóò máa jó páìpù pọ̀. Bí ẹ̀rọ kan kò bá tutù dáadáa mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n ṣí ẹnu páìpù rẹ̀, kí gáàsì tó kù nínú rẹ̀ lè tú sáfẹ́fẹ́. Yóò dún ṣííì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Kò sí èéfín tí ojú rí, kò sí òórùn tó lè lé aládùúgbò wọlé. Wọn á tún un ṣe, wọn á rọ gáàsì tuntun sí i, oníbàárà yóò sanwó, yóò sì máa lọ. Bí páìpù náà bá tún jò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù náà kì í bèèrè gáàsì kí wọ́n tó fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bàbà inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

N kò dá oníṣẹ́ lẹ́bi tán. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa gáàsì jáde sínú sílíńdà kí ó má baà tú dànù wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ohun tí ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ òòjọ́ lè rà. Oníbàárà pàápàá kò ní fẹ́ san kọ́bọ̀ lé owó iṣẹ́ nítorí ojú ọ̀run.

Ibi tí àwọn ẹ̀rọ náà ti ń wá tún jẹ́ ọ̀ràn lọ́tọ̀. Ìwádìí kan tí Yunifásítì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kan, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni fíríìjì, ṣùgbọ́n fíríìjì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin wa ti ka fíríìjì, fírísà, ẹ̀rọ amúlétutù àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àlòkù mọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọlé. Láti ọdún 2009 ni a tún ti ní ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò ìpele ósóònù. Òfin wà nínú ìwé, ọjà wà lórí títì, ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láìkíra.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín àti omi tútù kò lówó fíríìjì tuntun, tòkunbọ̀ ló ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tòkunbọ̀ tó ti gbó ń jẹ iná ju tuntun lọ, ó ń jò, ó ń bàjẹ́ léraléra. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ lọ́jọ́ tí a rà á, owó iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ń gbà á padà lọ́wọ́ wa. Bí òkè òkun bá ń kó ẹ̀rọ tí òfin tiwọn kò gbà mọ́ ránṣẹ́ sí wa, tí a sì ń dúpẹ́, ààtàn ni wọ́n fi wá ṣe.

Àwọn mìíràn á ní òyìnbó ló ba ojú ọ̀run jẹ́, kí wọ́n tún un ṣe. Èyí náà ní òtítọ́ nínú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú ojú ọ̀run kì í wo ojú ẹni tó dà á. Nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó mọ̀ pé àwọn ni wọ́n jẹ gbèsè náà ni wọ́n ṣe ń dá owó àdéhùn Montreal jọ. Ohun tó kù fún wa ni kí a rí i pé ànfààní owó náà kò parí sí ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì àti fìlà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, kí ó dé ọwọ́ ẹni tó di sípánà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Àkókò kò sì dúró. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn náà, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa gbọ́dọ̀ ti dín lílo R-22 àti àwọn ẹbí rẹ̀ kù ní ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2025, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ọdún 2030, àfi ìwọ̀nba tí a ó fi máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Bí gáàsì náà ṣe ń wọ́n yóò máa ti àwọn èèyàn sí ayédèrú àti àdàlù. Àwọn kan nínú gáàsì tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ sì ń gbiná bíi gáàsì ìdáná. Ẹni tó bá fi iná jó páìpù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti ojú ọ̀run nìkan. Ẹ̀mí oníṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe sọ̀rọ̀, kí wọ́n ní ojúkò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ìfagáàsì yóò wà, tí oníṣẹ́ yóò lè yá lò fún owó táṣẹ́rẹ́, tí yóò sì lè ta gáàsì tó bá fà síbẹ̀. Bí gáàsì àlòkù bá ní iye lórí, kò sí ẹni tí yóò tú u dànù mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ló ń ṣe ètò gbígba òmìnira fún ọmọ iṣẹ́. Kí wọ́n fi fífa gáàsì kún ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Kí àwọn aṣọ́bodè, tí a ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù, máa ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ tòkunbọ̀ wò dáadáa. Kí àwa oníbàárà náà máa bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó ṣí fíríìjì wa: "Ọ̀gá, níbo lẹ fẹ́ kó gáàsì inú rẹ̀ sí?" Ìbéèrè yìí kò ná wa ní nǹkan kan. Tí èèyàn mẹ́wàá bá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò mọ̀ pé àkókò ti yí padà.

Ní ti àwọn àfín, kí ìjọba má gba owó orí ìpara ajẹmọ́-oòrùn tó ń dáàbò bo awọ wọn, nítorí oògùn ni fún wọn, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí olùkọ́ gbé wọn kúrò nídìí fèrèsé, kí ó gbà wọ́n láàyè láti dé fìlà etí-fífẹ̀ àti láti wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó má sì fi dandan mú wọn dúró sí pápá lọ́sàn-án gangan.

Ẹni tó bá rò pé ìwà ọ̀nà ẹ̀bùrú ẹnìkan kò lè hàn lójú ọ̀run tó fẹ̀ tó báyìí, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kéde pé oríṣi CFC kan tí gbogbo ayé ti fòfin dè láti ọdún 2010 tún ti ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà ní Kòríà àti Japan, títí ó fi gbé wọn dé ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Ìjọba ibẹ̀ gbé ìgbésẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2019, gáàsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ tó láti tún ihò náà ya. Bí a bá sì ń ṣọ́ ọ, tí a ń sọ òtítọ́ fún ara wa, ó ṣeé dá dúró.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ayé ti di ilé kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ yìí, òrùlé kan náà ló wà lórí gbogbo wa. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí kò ní tíì pé ogún ọdún nígbà tí a ń retí pé kí òrùlé náà padà bọ̀ sípò ní ibi tó pọ̀ jù lágbàáyé. Ohun tí oníṣẹ́ kan tú dànù ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Agége ní ọ̀sán òní yóò wà lókè nígbà náà. Ọ̀run ń ya bọ̀ nígbà kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, lọ́kọ̀ọ̀kan.